Àpò Tí Wọ́n Kọ OK Sí Lẹ́nu

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọlé wá. Ìwọ tó gbé fóònù sétí, pa á. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé bọ́ síwájú, kí àgbà fẹ̀yìn ti ògiri, nítorí ọ̀rọ̀ àpò kan ni mo fẹ́ sọ, àpò tó fẹ́ sọ ọmọ ọmọ mi di olè lọ́sàn-án gangan ní Treichville. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbe orin rẹ̀:

Àpò délé o, àpò ò sọ̀rọ̀,
Àpò délé o, àpò ò sọ̀rọ̀,
Ẹni bá fẹ́ gbọ́ tẹnu àpò,
Kó fara balẹ̀, kó wẹnu àpò.

Ẹ ṣeun. Ohùn yín dùn.

Ẹ mọ̀ pé òwú àti bọ́tìnì ni mò ń tà lẹ́yìn ọjà ńlá Treichville. Ìsọ̀ mi kọjú sí ilé ẹrù tí Taïrou, ọmọ ọmọ mi, ń ṣọ́. Gbogbo ẹrù tó bá ti ilẹ̀ wa wá, láti Ṣakí, Ìgbòho àti Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ló ń sọ̀ sí. Kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, ọrùn Taïrou ló ń gbé. Ọmọ náà kì í bọ́ ọ lọ́rùn, bó bá tiẹ̀ ń wẹ̀.

Mo ti ń tòògbé díẹ̀ lọ́jọ́ náà nígbà tí mo gbọ́ igbe.

"Olè! Ọmọ yìí ti jí bàbá mi gbé!"

Mo dìde fìrì. Bàbá ta ni wọ́n jí gbé lọ́sàn-án? Mo sáré wọlé ẹrù. Alájì Sùlè ni mo bá níbẹ̀, bàbá onífìlà gíga tó ń ta aṣọ lókè ọjà. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àpò kan wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ti fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀, ó sì ti ju ohun tó wà nínú rẹ̀ káàkiri: ìró àtijọ́, bùbá àtijọ́, gèlè tó ti ṣá. Taïrou dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láàárín wọn.

"Ìyá Àsmá'ù, ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín!" Alájì na ọ̀bẹ sí àpò. "Agbádá sányán bàbá mi ni mo fi ránṣẹ́ sí Òkéwùmí ní Ìsẹ́yìn, kó bá mi tún etí rẹ̀ ṣe. Agbádá tí bàbá mi wọ̀ wá sí ilẹ̀ yìí! Òun nìkan ló kù tí mo lè fọwọ́ kàn tí mo máa sọ pé bàbá mi nìyí. Mo ṣí àpò, kí ni mo rí? Àkísà!"

"Taïrou," mo ní, "ṣé o ṣí àpò Alájì?"

"Ìyá àgbà, mi ò ṣí i."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?" Alájì bi í.

"Èmi ni, sà."

"Ẹ gbọ́ o! Tí a bá kírun àsárì tán tí mi ò rí agbádá bàbá mi, kọmísáríà àwọn ọlọ́pàá lo máa sùn lónìí. Màá sì pe àwọn ọ̀gá rẹ fúnra mi."

Inú mi bà jẹ́. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù fẹ́ fi Taïrou ṣe ọ̀gá ilé ẹrù tuntun wọn ní Zone 4. Ta ló máa gbé kọ́kọ́rọ́ fún ẹni tí wọ́n ń pè lólè?

N kò sunkún. Mo fa fóònù yọ, mo pe Kadidja.

Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọn Kadidja nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ta iṣu ní Marcory. Ará Ṣakí ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìhín ni wọ́n bí i sí. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ní yunifásítì kó tó bá iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, kì í wọ aṣọ ọlọ́pàá. Yorùbá rẹ̀ máa ń tiro díẹ̀, àmọ́ ọpọlọ rẹ̀ kì í tiro. Ẹ máa wò ó: bó bá ti ń ronú, á bọ́ bàtà.

Ó dé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín nínú bébà.

"Màmá, ẹ kú ọ̀sán. Alájì, ẹ kú ọ̀sán, mo kí yín o. Taïrou, dìde, tu vas salir ta chemise, ẹ̀wù rẹ á dọ̀tí."

"Kò ní dìde!" Alájì ní.

"Ẹ jẹ́ ó dìde, Alájì. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kò lè tọ́ka sí nǹkan fún mi." Ó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi, ó tẹjú mọ́ àpò. "Ta ló fi ọ̀bẹ la ikùn rẹ̀?"

"Èmi ni. Mi ò ní sùúrù tí mo fẹ́ fi máa tú okùn lẹ́nu."

"Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ti ràn mí lọ́wọ́."

Ojú Alájì fà ro, kò mọ̀ bóyá ó ń yìn ín ni àbí ó ń fi í ṣẹ̀sín.

Ẹnu àpò náà wà bí wọ́n ṣe rán an, okùn rẹ̀ le dáadáa. Lórí okùn náà ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀ aró kọ lẹ́tà ńlá méjì: OK.

Saliou, awakọ̀ tó kó ẹrù náà dé, na ọrùn láti ẹ̀yìn. Ọmọ Ìgbòho ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dúró. "Madame, mo ti mọ̀ ọ́n! O, K. Òkéwùmí nìyẹn! Ahunṣọ fọwọ́ sí àpò ara rẹ̀, ó sì kó agbádá pamọ́ sílé!"

"Mo mọ̀!" Alájì fọwọ́ lu itan. "Mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn fẹ́ràn agbádá yẹn jù!"

Kadidja tọ́ka sí àwọn ẹrù tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àpò ata gbígbẹ: OK. Àpò ọṣẹ dúdú: OK. Àpò òrí: OK.

"Ṣé Òkéwùmí ló hun ọṣẹ yẹn náà?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àní Alájì rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì yára fojú ro padà.

"Saliou, ṣé bọ́dà ni wọ́n ti ń kọ ọ́?"

"Bọ́dà ni. Ní Elubo, lápá Ghana. Ará ilé wa kan ló wà níbẹ̀, Adéṣọpẹ́. Á wo inú àpò, á rán ẹnu rẹ̀, á wá kọ OK gba orí okùn kọjá. Tí ẹnikẹ́ni bá tú okùn yẹn lójú ọ̀nà tó tún un rán, ìlà ṣọ́ọ̀kì kò ní pàdé ara wọn mọ́."

Kadidja bọ́ bàtà. Ó kúnlẹ̀, ó sún imú mọ́ àpò. Ìlà ṣọ́ọ̀kì ń ti ara àpò gun orí okùn, ó ń ti orí okùn sọ̀ sí ara àpò lódìkejì, kò yẹ̀ rárá.

"Ẹnikẹ́ni kò tíì tú ẹnu àpò yìí láti Elubo," ó ní. "Taïrou kò ṣí i. Saliou náà kò ṣí i."

"Al-hamdu lillahi," Saliou ní. "Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹ ń fura sí mi."

"Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Adéṣọpẹ́ ló jí i!" Alájì pariwo.

"Ẹ fún mi ní nọ́mbà rẹ̀."

Ó gbé fóònù sí gbangba kí gbogbo wa lè gbọ́. Ohùn ọkùnrin kan dáhùn, ariwo ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Agbádá sányán? Mo rí i! Ta ni kò ní rí i? Mo fọwọ́ pa á lára, mo ní, Ọlọ́run, ẹni tó ni èyí gbádùn. Mo rán àpò rẹ̀, mo kọ OK sí i."

"Ó dá yín lójú?"

"Madam, sányán tòótọ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí lójoojúmọ́."

"Ẹ ṣeun. OK."

"OK, madam."

Kadidja pa fóònù, ó ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí sìmẹ́ńtì. "Agbádá wọ inú àpò, ó kọjá bọ́dà. Ẹnu àpò tó wà níhìn-ín kò ṣí láti bọ́dà. Agbádá kò sì sí nínú rẹ̀. Alájì, kí lẹ rí nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Àǹjọ̀ọ́nú," Alájì dáhùn wẹ́rẹ́.

"Rárá o. Àpò yín kọ́ nìyí."

"Àpò mi ni! Àmì mi wà létí rẹ̀!"

Òótọ́ ni pé olúkúlùkù ló ní àmì. A máa ń so ẹ̀já aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí àpò, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè mọ tirẹ̀. Ẹ̀já sányán ni ti Alájì, bàbá rẹ̀ ló fi í lé e lọ́wọ́. Ẹ̀já aṣọ sì wà létí àpò náà lóòótọ́, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi sányán.

"Màmá, ẹ bá mi mú omi wá."

Mo mú omi inú ọ̀rá kan wá. Ó fi eyín já a, ó dà á sórí ẹ̀já aṣọ náà, ó fi àtàǹpàkò ra á. Omi pupa ń ṣàn sílẹ̀. Eruku ọ̀nà ni! Ó tún dà á, ó tún ra á. Ẹ̀já náà funfun báláú.

Alájì sún mọ́ ọn, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Funfun," Alájì wí jẹ́jẹ́.

"Wàyí o, Màmá, ẹ wo inú ibí yìí." Kadidja ya ojú ibi tí Alájì ti la àpò. Àwọn aṣọ tó wà lókè ni Alájì jù káàkiri, àwọn tó wà nísàlẹ̀ wà bí wọ́n ṣe tò wọ́n. "Olè tó fẹ́ fi àkísà rọ́pò agbádá, ṣé á fọ àkísà? Ṣé á lọ̀ ọ́? Ṣé á fi káńfọ̀ sí i? Kí ló sì dé tí gbogbo rẹ̀ fi yí inú síta?"

Mo mú ìró kan. Inú rẹ̀ ló wà níta, wọ́n ká a mẹ́rin, káńfọ̀ wà láàárín rẹ̀.

"Kadidja, aṣọ òkú ni."

Saliou fò sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Má sá, kì í ṣe ohun tó ń bu èèyàn jẹ," mo ní. "Nínú agboolé tiwa, tí ìyá bá kú, àwọn ọmọ á fọ aṣọ rẹ̀, wọ́n á yí inú rẹ̀ síta, wọ́n á fi ṣe sàárà. Ẹni tí wọ́n bá fún ló máa fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà. Ìgbà tó bá yí i ló tó di tirẹ̀."

Alájì wo aṣọ tó fọ́n ká ilẹ̀. Ó jọ pé ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ọmọ Ìsẹ́yìn lòun náà, ìbínú ni kò jẹ́ kó rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ìbéèrè kan ló kù," Kadidja ní. "Láàárọ̀, ta ló yọ àpò yìí láàárín àwọn tó kù?"

Taïrou wolẹ̀.

"Sọ̀rọ̀ o!" mo ní.

"Ìyá àgbà... àgbà ni wọ́n."

"Ó tó," Kadidja ní. "O ti dá mi lóhùn."

Alájì jókòó sórí àpò ata. "Èmi ni. Mo rí OK, mo rí aṣọ létí rẹ̀. Mo ní, 'OK, ó dáa, gbé e wá.' Mi ò jẹ́ kó tiẹ̀ la ẹnu."

"Saliou, ta ló tún gba àpò láti Ìsẹ́yìn?"

"Ẹnì kan péré: Nimotou tó wà ní Songon, ẹ̀já funfun ni àmì tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ lọ kí ilé, ibẹ̀ ló kú sí. Ọkọ̀ ti wá gbé tirẹ̀ láàárọ̀, torí sàárà..." Ó gbé ọwọ́ lórí. "Yéè! Òní ni sàárà!"

A kó sínú ọkọ̀ Saliou: àwa arúgbó níwájú, Taïrou àti Kadidja lẹ́yìn, àpò olóògbé lórí ẹsẹ̀ Taïrou. Bí a ṣe ń gba orí afárá, tí ọ̀sà ń dán gbinrin lábẹ́ wa, Alájì ń ka tẹ̀sùbáà. Èmi ní tèmi, ọ̀rọ̀ yẹn ti ń yún mi lẹ́nu.

"Kadidja, ta ló tiẹ̀ bí OK yìí? Ìwé mi ò kọjá kíláàsì àkọ́kọ́, síbẹ̀ mo mọ̀ ọ́n kọ. Ìyá Ébrié, onílẹ̀ ibí, tó ń ta ẹja mọ̀ ọ́n. Àwọn Dyula oníṣòwò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ yín tó ń sọ Nouchi, èdè ìgboro, mọ̀ ọ́n."

"Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ní Amẹ́ríkà ló ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Boston, ó ń lọ sí igba ọdún báyìí. Àwọn oníwèé ìròyìn ló ń ṣàwàdà. Wọ́n fẹ́ kọ 'all correct', ìyẹn 'gbogbo rẹ̀ pé', wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ ní 'oll korrect' bí ẹni tí kò lọ sílé ìwé, wọ́n wá mú lẹ́tà tó ṣíwájú nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan."

"Ẹ ò rí nǹkan! Àwa tí a ò lọ sílé ìwé ni wọ́n sín jẹ!"

"Ẹ dúró, Màmá. Lọ́dún kejì, àwọn olóṣèlú kan fi polongo ìbò, torí ó bá orúkọ ìnagijẹ ẹni wọn mu. Lẹ́yìn náà làwọn tó ń fi wáyà ránṣẹ́ gbà á, torí ó yá láti tẹ̀. Bó ṣe káyé nìyẹn."

"Irọ́ òyìnbó!" Saliou lu fèrè ọkọ̀. "Àwọn ará Sénégal tí mò ń gbé lẹ́rù ní àwọn ló ni ín. 'Waaw kay' ni Wolof ń wí: bẹ́ẹ̀ ni o. Àwọn ẹrú ló gbé e débẹ̀."

"Àwọn ọ̀mọ̀wé kan sọ bẹ́ẹ̀ náà. Àwọn mìíràn ní àwọn Choctaw, onílẹ̀ àtijọ́ ibẹ̀, ló ni ín. Ẹ̀rí ti Boston ló kàn wà nínú ìwé tí èèyàn lè rí."

"Tí ọmọ mi bá pè mí, tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀ tí ó sú u," mo ní, "á ní 'ó kéèèè, màmá.' Ìyẹn ni pé ẹ pa fóònù. Tí ìyàwó rẹ̀ bá ní 'OK o', kí gbogbo ilé sá. Tí mo bá bi ọmọ léèrè pé ọbẹ̀ ńkọ́, tó ní 'ó OK', mo mọ̀ pé ọbẹ̀ náà kò dùn."

Kadidja rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Alájì ò rẹ́rìn-ín. Ó yí ọrùn padà wo ẹ̀yìn.

"Lẹ́nu àpò ńkọ́? Kí ló ń sọ níbẹ̀?"

"Ó ń sọ pé ẹnì kan ti wò ó, Alájì. Kò sọ pé kí ẹni tó kàn má wò ó mọ́."

Alájì kọjú síwájú. Kò ka tẹ̀sùbáà mọ́.

Nígbà tí a dé Songon, àdúà ti parí. Ìkòkò ìrẹsì ń rú èéfín lábẹ́ igi máńgòrò, àtíkẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja díndín wà nínú abọ́ ńlá. Nimotou jáde pẹ̀lú ojú tó wú, ó kúnlẹ̀ kí wa. Kí Kadidja tó là á yé e, Alájì ti rí ohun tó wá.

Ìyá arúgbó kan jókòó sórí àpótí létí omi, Ébrié ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí ìkarahun ìgbín nítorí àwọ̀n fífà. Agbádá sányán wà léjìká rẹ̀, oòrùn ń tàn sí i lára.

"Antoinette nìyẹn, ọ̀rẹ́ ìyá mi," Nimotou ní. "Mo ṣí àpò, agbádá ọkùnrin ni mo bá. Mo rò pé ti bàbá mi ni, pé ìyá mi ló fi pamọ́. Mo ní òun ló tọ́ sí jù."

Alájì na ọwọ́ sí agbádá náà, ó tún fà á sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í béèrè sàárà padà. Ó kọjú sí ọ̀sà. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún. Dípò bẹ́ẹ̀, ó yí padà, ó di ọwọ́ Taïrou mú lójú gbogbo èèyàn.

"Ọmọ mi, má bínú. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe, ìwọ ni mo pè lólè. Bí mi ò bá rí agbádá yẹn gbà láéláé, o kì í ṣe olè."

"Alájì, ẹ má wí bẹ́ẹ̀, ó ti tán." Ọmọ náà ń gbìyànjú láti dọ̀bálẹ̀, Alájì kò fi í sílẹ̀.

Mo bojú wo Kadidja. Ó ti bọ́ bàtà! Ó rìn lọ bá Antoinette nínú iyanrìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi Faransé bá a sọ̀rọ̀.

"Tantie, yako, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Aṣọ yìí, ṣé ẹ fọwọ́ ara yín yí i padà?"

Arúgbó náà mi orí. "Ohun tó ń dùn mí láti àárọ̀ nìyẹn, ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ mi sọ fún mi pé tóun bá kú, èmi ni màá yí aṣọ òun. Mo wá inú rẹ̀, wọ́n ti yí i tán. Mo ní bóyá ó ti gbàgbé mi."

Kadidja wo ẹ̀yìn. Taïrou ti gbé àpò dé. Mo yọ ìró olódòdó kan níbẹ̀, mo gbé e lé Antoinette lọ́wọ́. Ọwọ́ líle yẹn wọ inú aṣọ, ó yí i jẹ́jẹ́, òdòdó pupa jáde síta. Ó gbé e sí imú. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Òun nìyí. Ìró tó máa ń ró wá sétí omi nìyí."

Ó bọ́ agbádá léjìká, ó fẹsẹ̀ wọ́ lọ síwájú Alájì, ó na apá sókè, ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn.

"Èyí kò yípadà lọ́wọ́ mi, kì í ṣe tèmi. C'est bon, papa? OK?"

"OK," Alájì wí, omi ojú ń bọ́ lórí sányán.

"Alájì!" Kadidja pariwo. "Ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò!"

Ẹ̀rín ta lábẹ́ máńgòrò. Alájì na agbádá sókè, ó wo etí rẹ̀ yípo, ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo abẹ́ apá. Ó wá fi ohùn ńlá sọ pé, "Mo ti wò ó. OK!" Ibẹ̀ náà ló ti pe àwọn ọlọ́kọ̀ akẹ́rù, ó ní kí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ Zone 4 fún Taïrou, òun ni òun dúró fún un.

Nimotou bu ìrẹsì, ó bu àtíkẹ́. Antoinette fọwọ́ ara rẹ̀ yan ẹja tó tóbi jù fún Taïrou. Mo dá orin, wọ́n gbè é, Ébrié, Dyula, Ànàgó, gbogbo wa:

Mo wẹnu àpò, mo wetí àpò,
Ọmọ mi kì í ṣolè o,
Ẹni tó sùn ti jí, ẹni tó sọnù ti dé,
Ẹ bù fún mi, n ó jẹ, n ó yó.

A jẹ títí ikùn ń dún bí ìlù tí wọ́n fọwọ́ lù. Ìgbà tí Saliou gbé wa padà, oòrùn ń wọ̀ sínú ọ̀sà, Alájì, tó jókòó sẹ́yìn lọ́tẹ̀ yìí, sì ti sùn lọ sí èjìká Taïrou, agbádá bàbá rẹ̀ lórí àwọn méjèèjì. Kálukú ló forí lé ilé rẹ̀ láyọ̀.

Ó yá, ẹ̀yin náà ẹ dìde. Àtíkẹ́ wà nínú abọ́, ẹja wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹun, kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín. Ẹ má kàn ní oúnjẹ náà OK o. Ẹ tọ́ ọ wò ná.